Ta Ló Mọ Ọmọ Yìí ní Ìbàdàn?

Ìsọ̀ Bàbá Aláago,
Òkè Mápó,
Ìbàdàn.
Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, 2025.

Sí Màámi mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín nínú ilé. Mo kí yín kú àárẹ̀ ara, mo kí yín kú ìmúrasílẹ̀ yìgì Àǹtí Karimat, mo sì kí yín kú ariwo àlejò. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti wálẹ̀? Ṣé ẹ ń lo oògùn funfun kékeré yẹn láàárọ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, àbí ẹ tún ń gé e sí méjì kó lè pẹ́? Tí ẹ bá fẹ́ béèrè tèmi, mo wà láàyè, mo ń jẹun, ara mi sì le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ tún wo àdírẹ́sì tí mo kọ sókè yẹn dáadáa. Kì í ṣe Ìlọrin. Kì í ṣe Àbíjàn náà. Tí ẹ bá wọ bàtà báyìí, tí ẹ jáde ní agbolé wa ní Bẹ́yẹ́rúnkà, ẹsẹ̀ yín á gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi láìgun ọ̀kadà. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti wà níbí.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà, tí mi ò pè yín, ni pé lórí fóònù ẹ ò ní mọ ta ló ń pè. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo lè jẹ́ ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi nìkan ni mi ò lè fi ṣe ẹlòmíràn. Kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, tíṣà wa máa ń sọ pé lẹ́tà mi dà bí ìgbà tí adìẹ tẹ yíǹkì tó wá ń jó lórí bébà. Ẹ wò ó. Adìẹ yẹn nìyí. Èmi ni.

Màá sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ẹ ò mọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ará ilé Mikail wá láti Ọ̀rányàn wá tọrọ Àǹtí Karimat. Ẹ̀yìn dọ́rọ́ọ̀mù omi ni mo sá pamọ́ sí, ni mo bá ya ohùn Alhaja Muslimat, ìyá ọkọ ìyàwó, ohùn inú imú yẹn. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ kó ẹrù padà sínú mọ́tò, a ò ṣe mọ́." Àwọn obìnrin ò tiẹ̀ béèrè ìdí. Wọ́n ti ń gbé iṣu padà, ọ̀kan ti di àpò iyọ̀ mọ́ àyà, ó ń sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí Alhaja fúnra ẹ̀ tó ti inú pálọ̀ jáde tó ní, "Ta ló rán yín?" Gbogbo agbolé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, mo rí yín, ẹ fi ìborùn bo ẹnu. Alhaja nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti bẹ̀ ẹ́, kò rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó ku bí oṣù méje sí yìgì, Àǹtí Karimat pè mí sí kọ̀rọ̀ ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba. Ó ní Madam Hilda tó máa ń ṣe irun fóun ní Bẹẹrẹ tẹ́lẹ̀ ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Àbíjàn, ó sì ń wá ọmọ tó máa kọ́ṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ti ń sọ Faransé kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ṣùgbọ́n Màámi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó ní ẹ ti búra pé ọmọ yín kankan ò ní sọdá bọ́dà láti ìgbà tí àbúrò yín ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù tí a ò gbúròó ẹ̀ mọ́, pé tí ẹ bá gbọ́, ẹ̀jẹ̀ yín á ru. Ó ní ká sọ pé Ìlọrin ni mo lọ, ilé kéú Alfa Zakariyya. Màámi, kò sí ẹni tó ń jẹ́ Alfa Zakariyya. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo fún un ní ohùn tó wúwo, tó ń gbé "alhamdulillah" mì bí ẹni ń gbé òkèlè ńlá.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni Alfa ń pè yín lórí Wọ́sáàpù pẹ̀lú láìnì Nàìjíríà tí mo gbé dání. Ẹ á ní, "Alfa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ṣé ó ń gbọ́ràn?" Màá ní, "Ó ń gbìyànjú, ìyá. Orí ẹ̀ pé, etí ẹ̀ ló le." Ẹ á ní kí wọ́n fún mi ní fóònù, màá wá fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀ bí ẹni tó ń sáré bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, màá mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, màá ní, "Màámi." Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n máa ń dúró wò mí bí ẹni ń wo sinimá. Jímọ̀ kan, ẹ sọ fún Alfa pé, "Ẹ bá mi sọ fún un o, kó má máa lọ sétí òkun." Alfa ní kò burú, òun á sọ fún un. Nígbà tí mo pa fóònù, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín irun tí wọ́n gé. Mo ní ìyá mi rò pé òkun wà ní Ìlọrin.

Iṣẹ́ náà dára. Mo mọ irun dì, mo mọ ọ́n hun, ọwọ́ mi yá. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù tó kọjá, mo dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá àgádágodo tuntun lẹ́nu ọ̀nà. Onílé ní Madam Hilda ti kó lọ sí ìlú míì, pẹ̀lú dígí, àga, àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Páàsìpọ́ọ̀tù mi wà nínú báàgì ẹ̀, nítorí ó ní òun ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀. Fóònù mi wà lórí ṣájà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó bá a lọ. Ohun tó kù fún mi ni kóòmù kan nínú àpò àti aṣọ méjì tí mo sá sórí okùn. Mo bá ọlọ́pàá kan sọ̀rọ̀. Faransé mi dún bíi ti ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ orí irun nìkan ló wà nínú ẹ̀: gígùn, kúkúrú, ó ń dùn mí. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ẹ̀ gbá mi létí.

Ìyá kan tó jẹ́ ará Ẹ̀jìgbò, tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní òpópónà kejì, ló rí mi lójú ọ̀nà tó fún mi ní igun fàráńdà ẹ̀. Òun náà ló mú mi lọ sí ọ́fíìsì kọ́ńsúlà tó wà nínú ẹ́ḿbásì wa. Ó ní, "Ibẹ̀ ni ilé baba ẹ nílùú yìí. Sọ òtítọ́ fún wọn, má sì ṣe bí o ti ń ṣe fún mi lánàá." Mo ti ṣe ohùn ọkọ ẹ̀ fún un lánàá ọjọ́ náà.

A tò sí ìlà. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní kí n wọlé lọ bá obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Ìkẹ́olúwa. Ó so gíláàsì ojú mọ́ ẹ̀wọ̀n kéékèèké lọ́rùn, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ó sì ní ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni òun, láti Kúdẹtì. Ọkàn mi balẹ̀. Kúdẹtì kẹ̀, tí mo ti ń lọ ká máńgòrò wọn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, ó sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé ìwé ìrìnnà pàjáwìrì wà tó lè gbé mi délé láìsí páàsìpọ́ọ̀tù, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, àgbàlagbà kan láti ilé gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí mi. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni àwọn tí kì í ṣe tiwa ń wá gba ìwé wa níbí. Mi ò lè fi ojú lásán mọ ọmọ Nàìjíríà. Ta ló mọ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àwọn tó mọ̀ mí pọ̀ ju èyí tí fọ́ọ̀mù yín lè gbà lọ, mà.

Nọ́ńbà yín ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, Màámi. Mo gbé e mì. Mo ro ẹ̀jẹ̀ yín. Mo rò ó pé ẹ á gbọ́ "Àbíjàn", ẹ á sì ṣubú sórí ẹní ìrun. Mo fún un ní nọ́ńbà Àǹtí Karimat.

Ó pè é lójú mi, ó sì tẹ fóònù kí èmi náà lè máa gbọ́. Àǹtí gbé e. Mo gbọ́ ariwo Ọjà'ba lẹ́yìn ẹ̀, mo gbọ́ ẹni tó ń ná aṣọ, omi bọ́ lójú mi kó tó sọ̀rọ̀. Ìyáàfin Ìkẹ́olúwa sọ ẹni tó jẹ́ àti ibi tó ti ń pè, ó sì dárúkọ mi. Àǹtí ní kí ẹni tó ń ná aṣọ dúró ná. Ó wá ní, "Rárá o, mà. Àbúrò mi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìlọrin, ó ń kéú. Mi ò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín. Àwọn onígbájúẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ ṣọ́ra." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tó máa ń lò fún àwọn tó ń kiri ọjà wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Mo ní, "Àǹtí, èmi ni, Bushrah ni." Fóònù ti kú.

Mo ṣì gbè é lẹ́yìn, ẹ gbà mí gbọ́. Mo sọ fún obìnrin náà pé ẹ̀gbọ́n mi ń dáàbò bo ìyá wa ni, pé bóyá ẹ jókòó tì í nísọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, tí o bá jẹ́ ọmọ wa, kọ orin orílẹ̀-èdè fún mi." Mo kọ èyí tí mo mọ̀. Ó ní wọ́n ti pa ìyẹn dà láti èṣín. Mo ní kí wọ́n tó pa á dà ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó béèrè orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, mo sọ méjì, mi ò mọ èwo ló jẹ́ tiwa. Mo rí i pé ó ti fẹ́ẹ́ pa fáìlì mi dé.

Ni mo bá ya ẹnu. Mo ṣe ọlọ́kadà ní Bẹẹrẹ, "Mápó kan, Mápó kan, ìyá arúgbó, gùn ún kí orúnkún ẹ sinmi." Mo ṣe ladání mọ́sálásí wa tó máa ń gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà ní títàn, tí gbogbo Bẹ́yẹ́rúnkà sì ń gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé kó fi ẹran kún tòun. Àwọn tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orí wọlé. Mo wá ṣe Bàbá Aláago, bàbá tó ń tún aago ṣe lókè Mápó, bó ṣe máa ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá: "Aago ẹ ló ń sáré ni, àbí ìwọ lò ń falẹ̀?" Mo sì wúkọ́ sáàárín ẹ̀ bí òun ti ń ṣe.

Ìyáàfin Ìkẹ́olúwa yọ gíláàsì ojú ẹ̀. Ó ní, "Bàbá yẹn ṣì wà?" Mo ní ó wà. Ó ní, "Kì í wúkọ́ nígbà náà." Mo ní èṣín ni ikọ́ náà dé, tó sì jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun máa ń rán òun gun òkè Mápó pẹ̀lú aago ọwọ́ ẹ̀, òun á sì máa sáré kí ọkùnrin yẹn má bàa ní òun ń falẹ̀. Ó nu ojú. Ó ní, "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Àmọ́ mi ò lè lẹ ìgbàgbọ́ mi mọ́ inú fáìlì. Wá ẹnì kan fún mi nílé."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sí fàráńdà Ìyá Ẹ̀jìgbò, tí nọ́ńbà yín ń yí ká nínú orí mi. Ó ní, "Pe ìyá ẹ." Mo ní ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọgbọ́n kan wá sí mi lọ́jọ́ kẹta, lọ́sàn-án. Ìyá Ẹ̀jìgbò náà ní láìnì Nàìjíríà lórí Wọ́sáàpù ẹ̀. Mo ní màá pe Àǹtí Karimat, màá jẹ́ ẹ̀yin, màá fi ohùn yín pàṣẹ fún un pé kó lọ jẹ́rìí mi. Kò lè kọ̀ fún yín.

Mo pè é. Mo ní, "Karimat," bí ẹ ṣe máa ń fa ìparí ẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Mo ní fóònù aládùúgbò ni mo fi ń pè, tèmi ti kú. Mo ní, "Ṣé àwọn ará Àbíjàn pè ẹ́?" Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìgbà tó máa pariwo pé, "Ta ló sọ fún yín, Màámi?" Kò pariwo. Ó ní, "Wọ́n pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Màámi. Mo ti sọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n sọ ọ́."

 Màámi, mo fi ohùn yín béèrè pé, "Kí ni mo ní kó o sọ?" Ó ní, "Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ ọ́? Pé a ò mọ̀ ọ́n, kó wà lọ́hùn-ún títí yìgì á fi kọjá, ṣebí Alhaja ló ní òun ò fẹ́ rí i nítòsí yìgì. Nígbà tí Madam Hilda ránṣẹ́ pé òun ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni, pé ọmọ náà gbọ́n, ebi ò lè pa á. Àbí ẹ ti yí i padà ni?"

Mo ní, "Rárá. Mi ò yí i padà." Ohùn yín ni mo fi sọ ọ́. Mo pa fóònù.

Ìgbà náà ni òkun Ìlọrin wá yé mi. Ẹ mọ ibi tí mo wà láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo Jímọ̀ tí mo ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń sáré bọ̀. Ẹ bá Alfa Zakariyya sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ìyàwó ẹ̀, ẹ ṣàmín sí àdúrà ẹ̀, ẹ ò sì rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Mo rò pé èmi ni mò ń ṣe yín. Ẹ̀yin lẹ ń ṣe èmi. Gbogbo ayé máa ń béèrè ibi tí mo ti rí ẹ̀bùn yìí. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Kì í ṣe irọ́ náà ló dùn mí, èmi náà pa á. Kì í ṣe Alhaja ló dùn mí, mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n bi wá ní ìbéèrè kan náà, èmi àti ẹ̀yin. Nígbà tí wọ́n bi mí, mo gbé nọ́ńbà yín pamọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ yín má bàa ru. Mò ń bẹ̀rù kí ẹ má bàa kú nítorí mi. Ẹ̀yin sì jókòó nílé, ẹ ń yan àwọ̀ aṣọ, ẹ ti mọ̀. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ máa pè yín ní "ìwọ" nínú lẹ́tà yìí. Mo gbìyànjú ẹ̀ lórí bébà kan. Ọwọ́ mi kọ̀.

Mo padà lọ sí kọ́ńsúlà, mo sọ fún Ìyáàfin Ìkẹ́olúwa pé kò sí ẹnì kankan. Kò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹbí, ẹni tó bá ti mọ̀ mí kí n tó sọdá bọ́dà náà tó. Ó ní, "Bàbá Aláago ńkọ́?" Mo ní bàbá yẹn? Bàbá tí mo ń ṣe lójú ara ẹ̀ lójoojúmọ́, tó ti ju bàtà lù mí rí? Obìnrin náà gbé fóònù ẹ̀, ó ya mí ní fọ́tò. Ó fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà ní Kúdẹtì, ó ní kó gun òkè Mápó.

Tíṣà náà ló sọ bó ṣe rí. Ó ní Bàbá gba fóònù, ó fi gíláàsì kékeré tó fi ń wo inú aago sójú, ó wo fọ́tò mi pẹ́ bí ẹni ń wá ohun tó bàjẹ́ nínú ẹ̀. Ó wá ní, "Ta ni ò mọ olè ohùn yìí? Ọmọ Sọ̀fíyàt agbolé Onígàárì ni. Ó jí ikọ́ mi gbé lọ sí Àbíjàn?" Ọjọ́ kejì kò ṣí ìsọ̀. Ó wọ agbádá, ó bá tíṣà lọ sí kóòtù, ó búra pé òun mọ̀ mí láti ìgbà tí mi ò tíì ní eyín iwájú, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìwé ìbúra náà. Màámi, ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń fi bàbá yẹn ṣe ẹ̀sín. Òun ló ní òun mọ̀ mí.

Ẹ́ḿbásì fún mi ní ìwé náà. Ìyá Ẹ̀jìgbò di búrẹ́dì fún mi, wọ́n sì fi mí lé awakọ̀ ọkọ̀ ńlá kan lọ́wọ́. A gba Gánà, Tógò, àti Kùtọnu kọjá. Ní Sẹ̀mẹ̀, aṣọ́bodè wo ìwé mi, ó ní, "Ọmọ Ìbàdàn, káàbọ̀." Mo ní ẹ ṣé, sà, pẹ̀lú ohùn ara mi. Ó dún bí ohùn àjèjì létí mi.

Mi ò lè wá sílé tààrà. Mápó ni mo gùn lọ. Bàbá Aláago ò kí mi. Ó ní, "O pẹ́. Aago ẹ ló ń falẹ̀," ó sì ti àpótí ìjókòó sí mi. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ẹ̀ ní Ọ̀rányàn ni mo ń sùn, ilé kẹta sí ti Alhaja Muslimat. Mò ń gbọ́ ohùn imú ẹ̀ láàárọ̀ tó bá ń pe àwọn ọmọ ẹ̀. Mi ò tíì ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Àná, Àǹtí Karimat wá síbí. Mo jókòó sí igun ìsọ̀ pẹ̀lú híjáàbù tó bò mí títí dé imú, kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Aago Mikail ló gbé wá, ó ní kí Bàbá bá òun fi bátìrì tuntun sí i kó tó di ọjọ́ yìgì. Bàbá ò gbé ojú sókè. Ó ní, "Àbúrò ẹ ńkọ́?" Àǹtí ní, "Ó wà ní Ìlọrin, Bàbá. Ó ń ṣe dáadáa." Bàbá wúkọ́. Àǹtí ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá." Ohùn Alhaja ti dé ọ̀fun mi. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò, ó máa sá kúrò níbẹ̀ láìwọ bàtà. Mo pa ẹnu dé. Ó lọ. Ó ti rù díẹ̀, ẹ sọ fún un kó máa jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, màá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà agbolé Onígàárì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ kejì ẹ̀ ni yìgì, mo mọ̀ pé àwọn àlejò á ti pé, àwọn ará ilé Alhaja náà lè wà níbẹ̀. Mi ò ní ṣe ohùn ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ̀rọ̀ rárá. Ẹnì kan nínú wọn á béèrè pé, "Ta nìyí?" Ẹ̀yin ni kí ẹ dá a lóhùn, kí ẹ jẹ́ kó ròkè kí ará ìta lè gbọ́. Tí ẹ bá ní ẹ mọ̀ mí, màá wọlé, màá pọn omi, màá di irun Àǹtí Karimat lọ́nà tí wọn ò tíì rí rí ní Ìbàdàn, n ó sì dákẹ́ títí yìgì á fi tán. Tí ẹ bá tún ní ẹ ò mọ̀ mí, màá yí padà. Bàbá ní àpótí ìjókòó yìí ò ní kúrò níbí.

Kí Ọlọ́run fi yín sílẹ̀ fún wa. Kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru nítorí mi, bí inú ṣe ń bí mi tó yìí. Kó jẹ́ kí ilé Àǹtí Karimat tutù, kí ìyá ọkọ ẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀, kó sì bí àwọn ọmọ tó ní ohùn kan ṣoṣo. Kó jẹ́ ká rí ara wa lọ́jọ́ Jímọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn yín,
Bushrah.

Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo gbàgbé: Bàbá ní kí n sọ pé aago Mikail tí òun fi lẹ́tà yìí wé ránṣẹ́ sí yín ti ń ṣiṣẹ́. Alfa Zakariyya náà ní kí n bá òun dágbére fún yín, kò ní pè mọ́. Nígbà tí mo ń kọ fọ́ọ̀mù ìwé ìrìnnà yẹn, ibì kan wà tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹni tó mọ̀ mí. Màmúdù Aláago ló wà níbẹ̀. Ibì kan tún wà tí wọ́n ti béèrè orúkọ ìyá. Ìyáàfin Ìkẹ́olúwa rí i pé bírò dúró lọ́wọ́ mi, ó ní mo lè fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Mi ò fi í sílẹ̀. Mo kọ gbogbo ẹ̀, Sọ̀fíyàt Àṣàkẹ́, agbolé Onígàárì, Bẹ́yẹ́rúnkà. Mi ò sọ pé mi ò mọ̀ yín.